Ọgbọ̀n Ọdún Lójú Ọ̀nà: Bí Obìnrin Ṣe Ń Di Aṣojú Àgbà fún Nàìjíríà

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí àwọn aṣojú Nàìjíríà tó wà nílẹ̀ òkèèrè máa bọ̀ wálé, àyàfi àwọn tó ń ṣojú wa lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York àti ní Geneva, nítorí ìpàdé ọdọọdún àjọ náà tó ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ aṣojú tí Nàìjíríà ní káàkiri ayé jẹ́ 109, bí a bá ka àwọn kọ́ńsúlétì mọ́ ọn. Ó lé ní ọdún méjì kí Ààrẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àwọn tí yóò rọ́pò wọn ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2025.

Ní Àkúrẹ́ níbí, àtòjọ tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu àwọn ènìyàn, nítorí pé orúkọ Sẹ́nétọ̀ Jimoh Ibrahim, ọmọ Ìgbòtakò tó ń ṣojú Gúúsù Oǹdó nígbà náà, wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó gba ipò, ibi tí wọn yóò rán an lọ, àti àǹfààní tó lè ti ibẹ̀ wá fún ìpínlẹ̀ wa. Lójú tèmi, ohun mìíràn wà nínú àtòjọ náà tó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Orúkọ 32 ni ó wà níbẹ̀. Àwọn 15 jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti ń bá iṣẹ́ aṣojú bọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, nígbà tí àwọn 17 yòókù jẹ́ olóṣèlú àti gbajúmọ̀ tí Ààrẹ yàn láti ìta. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ 15 yẹn, obìnrin mẹ́rin péré ni ó wà, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìpín àwọn obìnrin láàárín àwọn 17 tí a yàn láti ìta pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: a rí Erelú Angela Adébáyọ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe gómìnà Èkìtì, a rí Florence Ajímọ̀bi, tí ọkọ rẹ̀ ṣe gómìnà Ọ̀yọ́, a sì rí Grace Bent, tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ rí láti Adámáwá. Èyí fi hàn pé ó ti ń rọrùn fún obìnrin láti di aṣojú nípa ojú rere Ààrẹ ju kí ó dé ibẹ̀ nípa iṣẹ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ohun tó fa èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 171, fún Ààrẹ ní agbára láti yan aṣojú, ṣùgbọ́n ó ní ìyànsípò náà kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà bá fọwọ́ sí i. Òfin náà kò sọ pé ó di dandan kí ẹni náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìdí nìyẹn tí àwọn Ààrẹ wa fi máa ń pín àwọn ipò náà láàárín òṣìṣẹ́ àti olóṣèlú. Lẹ́yìn tí ilé bá fọwọ́ sí i, orílẹ̀-èdè tí a fẹ́ rán ẹni náà lọ gbọ́dọ̀ gbà pé òun yóò gbà á, gẹ́gẹ́ bí Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 ṣe là á kalẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn kò gbà, wọn kò jẹ wá ní àlàyé kankan.

Èmi kò sọ pé ọ̀nà ti olóṣèlú burú. Ó ń gbé àwọn tó súnmọ́ olórí orílẹ̀-èdè lọ sí ibi tí irú ìsúnmọ́ bẹ́ẹ̀ ti wúlò, nítorí pé àwọn ìjọba kan fẹ́ràn aṣojú tó lè pe Ààrẹ rẹ̀ lórí fóònù ní òru tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Bianca Ojúkwu, tó ṣe aṣojú wa ní Sípéènì, gba ọ̀nà yìí kí ó tó di mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọ̀nà yìí wọlé lè má wà níbẹ̀ mọ́ tí ìjọba bá yí padà, ohun tó mọ̀ yóò sì bá a lọ. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni wọ́n ń ka fáìlì àtijọ́, tí wọ́n mọ ohun tí a ṣe àdéhùn lé lórí ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì mọ ẹni tí a ó pè ní ilé iṣẹ́ ìjọba kejì.

Òṣìṣẹ́ irú èyí máa ń wọlé láti ọwọ́ àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀, ní ìpele 08, lẹ́yìn tó bá ti gboyè ní yunifásítì tó sì ti ṣe àgùnbánirọ̀. Wọn yóò rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìlànà ìkọ̀wé láàárín ìjọba àti ìjọba, òfin àgbáyé, bí a ṣe ń dúnàá dúrà lórí àdéhùn, àti èdè àjèjì, pàápàá èdè Faransé, tí gbogbo orílẹ̀-èdè tó yí Nàìjíríà ká lórí ilẹ̀ ń lò fún iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kẹta, tí yóò di akọ̀wé kejì, akọ̀wé àkọ́kọ́ àti olùdámọ̀ràn, títí tí yóò fi dé ipò tí wọ́n ń pè ní mínísítà nínú ẹ́mbásì, èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí mínísítà tó ń bá Ààrẹ ṣèpàdé ní Àbújá. Ipò aṣojú ni ó kàn lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀, nítorí pé inú ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ ìṣòro náà fara pamọ́ sí. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba sọ pé ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lò lórí ìpele kọ̀ọ̀kan títí dé 14, kí ó sì lo ọdún mẹ́rin mẹ́rin lórí 15 àti 16. Kò sí ìpele 11 nínú iṣẹ́ ìjọba, nítorí náà ẹni tó wọlé ní 08 yóò lo ọdún 18 kí ó tó dé 15, yóò sì lo ọdún 26 gbáko kí ó tó dé 17, bí kò bá kùnà nínú ìdánwò ìgbéga kankan, tí àyè sì ń ṣí sílẹ̀ dè é ní gbogbo ìgbà. Ìlànà kan náà ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọmọbìnrin kan tó jáde ní Fìwàṣayé tàbí ní St. Louis, tó lọ sí yunifásítì, tó sin ìlú, tó sì ríṣẹ́ yìí nígbà tó wà ní ẹni ọdún 26, yóò ti di ẹni ọdún 52 kí ó tó dé òkè, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Ọdún mẹ́jọ ni ó kù fún un láti jẹ́ aṣojú. Ọdún méjì àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀, tí a fi pa ipò náà tì láti 2023 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àkókò tí yóò fi lò ó láyé. Àwọn tí wọ́n pé 60 láàárín àkókò náà ti lọ sílé láìtíì gbé ìwé àṣẹ orílẹ̀-èdè wọn síwájú olórí orílẹ̀-èdè kankan.

Ìṣirò yìí kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin lórí ìwé. Nínú ilé ni ìyàtọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àárín ọdún 26 sí 40 tí òṣìṣẹ́ yẹ kí ó wà ní akọ̀wé kejì ní Yaoundé tàbí akọ̀wé àkọ́kọ́ ní Brasília ni àkókò tí àwọn ènìyàn ń fẹ́ ọkọ, tí wọ́n ń bímọ, tí àwọn ìyá wa sì ń béèrè ìgbà tí a ó wá kó ọmọ náà wá kí wọ́n rí i. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n rán lọ sílẹ̀ òkèèrè, ìyàwó yóò fi iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ bánkì rẹ̀ sílẹ̀ láti bá a lọ, gbogbo ẹbí yóò sì bá wọn yọ̀. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ìbéèrè tí gbogbo ilé yóò máa béèrè ni pé kí ni ọkọ rẹ̀ yóò máa ṣe níbẹ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ìgbéraga nìkan, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọkọ tàbí ìyàwó aṣojú kò lè gba iṣẹ́ owó oṣù àfi bí àdéhùn bá wà láàárín ìjọba méjèèjì. Ọkọ tó jẹ́ dókítà ní Àkúrẹ́ lè di ẹni tó ń jókòó sílé fún ọdún mẹ́rin. Àwọn tọkọtaya kan ń yanjú rẹ̀ nípa kí ìyàwó dá nìkan lọ kí ó sì fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn mìíràn ń yanjú rẹ̀ nípa kí ìyàwó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ní Àbújá. Ẹni tó bá pẹ́ ní Àbújá ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yóò ní ìrírí ilẹ̀ òkèèrè tó kéré, nígbà tí wọ́n bá sì ń wá ẹni tí yóò di aṣojú, ìrírí yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí a kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wọn ti fi òfin ṣe ohun tí àwa ń fi àṣà ṣe. Ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 1972, obìnrin tó bá ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ aṣojú sílẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ọdún 1946 ni wọ́n tó gba obìnrin sínú iṣẹ́ náà, ó sì di ọdún 1973 kí wọ́n tó gba obìnrin tó ti lọ́kọ láyè láti máa bá a lọ. Anne Warburton, obìnrin àkọ́kọ́ tí Bìrìtìkó fi ṣe aṣojú, dé Denmark ní ọdún 1976. Nígbà náà, Nàìjíríà ti gba òmìnira fún ọdún 16. A kò jìnnà sẹ́yìn wọn bí àwọn kan ṣe rò, àwọn ọmọ wa náà sì lè bá wọn dọ́gba bí a bá fẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìrìn àjò náà ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá já, kí ó wo Linda Thomas-Greenfield, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Louisiana ní ọdún 1952, nígbà tí àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ funfun kì í jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà níbẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ aṣojú ní ọdún 1982. Wọ́n rán an káàkiri: Jàmáíkà, Kẹ́ńyà, Gáńbíà, Pakistan, Siwitsalándì, àti Nàìjíríà wa níbí. Ní ọdún 1994, nígbà ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní Rwanda, ọmọkùnrin kan tó di ìbọn lọ́wọ́ ti fẹ́ pa á nítorí pé ó rò pé ọmọ Tutsi ni, ìyẹn ẹ̀yà tí wọ́n ń pa nígbà náà. Ó bi ọmọkùnrin náà ní orúkọ rẹ̀, ó sọ orúkọ tirẹ̀ fún un, ó sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi yè. Ọdún 2008 ni wọ́n tó fi ṣe aṣojú ní Làìbéríà. Láti 1982 sí 2008 jẹ́ ọdún 26, iye kan náà tí ìṣirò wa lókè yìí fún ọmọbìnrin Àkúrẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀gá àgbà lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà ní ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn láti 2013 sí 2017, tó sì tún padà wá ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2025. Wọ́n jẹ́ kí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ó lè mọ̀ ọ́n.

Ní tiwa, obìnrin tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí ni Joy Ogwu, nítorí pé ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn pé kódà ẹni tó gba ọ̀nà ìta wọlé lè mú ọgbọ̀n ọdún ìmọ̀ dání wá. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Delta ni, wọ́n bí i ní ọdún 1946, ó sì kàwé ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 1977. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ àgbáyé tó wà ní Victoria Island ni ó ti ṣiṣẹ́, ó sì yan ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà kì í sábà yàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà àti àjọṣe wọn pẹ̀lú Áfíríkà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di olùdarí àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 2006, lẹ́yìn tí Ngozi Okonjo-Iweala fi ipò mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi Ogwu sí i títí ìjọba náà fi parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Ní ọdún 2008 ni ó di aṣojú Nàìjíríà lọ́dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, obìnrin àkọ́kọ́ wa tó dé ibẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2017.

Ọdún mẹ́sàn-án yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Nàìjíríà wọ Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àkókò rẹ̀, ní 2010 sí 2011 àti ní 2014 sí 2015, òun ni ó sì jókòó lórí àga alága ìgbìmọ̀ náà nígbà tó kan Nàìjíríà: ní oṣù keje ọdún 2010, oṣù kẹwàá ọdún 2011, oṣù kẹrin ọdún 2014, àti oṣù kẹjọ ọdún 2015. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ tó ń darí UN Women, ẹ̀ka tí àjọ náà dá sílẹ̀ ní ọdún 2010 fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Ẹ kíyè sí oṣù kẹrin ọdún 2014 dáadáa. Ní ọjọ́ 14 oṣù yẹn ni Boko Haram jí àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ kó ní Chibok. Obìnrin Nàìjíríà ni ó ń darí ìpàdé àwọn alágbára ayé lórí ọ̀rọ̀ ààbò nígbà tí wọ́n ń wá àwọn ọmọ obìnrin Nàìjíríà nínú igbó. Ìpàdé náà kò sì dúró. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, lábẹ́ ìdarí rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí ìpinnu 2151, tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe iṣẹ́ ológun, ọlọ́pàá àti àwọn ilé iṣẹ́ ààbò mìíràn ní orílẹ̀-èdè tí ogun ti bà jẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà ti béèrè, wọ́n fi orúkọ Boko Haram sínú àtòjọ àwọn ẹgbẹ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà owó àti ohun ìjà mọ́.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé iṣẹ́ aṣojú ju èyí lọ, òpin ọdún 2014 sì fi hàn bí ó ṣe le tó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, ìgbìmọ̀ náà dìbò lórí àbá tó fẹ́ kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ àwọn ará Palẹsitáínì láàárín àkókò kan pàtó. Ìbò mẹ́sàn-án ni àbá náà nílò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé Nàìjíríà yóò gbè é, ṣùgbọ́n àṣẹ tó ti Àbújá wá yàtọ̀, Nàìjíríà kò dìbò sí apá kankan, àbá náà sì rí ìbò mẹ́jọ péré. Aṣojú ni ó gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ni ọwọ́ náà. Aṣojú náà ni ó sì máa ń dojú kọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tí kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ tí yóò tàbùkù àwọn tó rán an. Ẹni tí kò bá ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ àti ojú tó ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí iyì rẹ̀ má sì dín kù. Ogwu jáde láyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ní ẹni ọdún 79, nígbà tí ipò aṣojú ní gbogbo ẹ́mbásì wa ṣì ṣófo.

Aduke Alakija, agbẹjọ́rò ọmọ Èkó, ti ṣáájú rẹ̀: ó wà lára àwọn tó ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ òmìnira, ó sì ṣe aṣojú wa ní Swídìn láti 1984 sí 1987. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó lè ṣe é kò ṣọ̀wọ́n fún wa rárá.

Kí wá ni àìsí aṣojú ń fà? Kò sí ibi tó yẹ kí èyí tètè yé àwọn ènìyàn ju Àkúrẹ́ lọ. Nígbà tí Déjì Adébíyìí Adésídà wàjà ní ìparí ọdún 2013, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adétutù Adésídà-Ojei, di adelé, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2015 tí Ọba Aládétóyìnbó fi gorí ìtẹ́. Adelé ní iyì, ó ń wọṣọ ọba, ó ń jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè, ìlú sì ń lọ déédéé lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ará Àkúrẹ́ tí kò mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ ńlá kan máa ń dúró de ẹni tí yóò jọba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́mbásì tí kò ní aṣojú. Òṣìṣẹ́ àgbà kan ni yóò máa darí rẹ̀. Àdéhùn Vienna fún un láàyè láti ṣe é, ṣùgbọ́n ó fi í sí ipò kan lábẹ́: olórí orílẹ̀-èdè ni aṣojú ń gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ fún, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì ni adelé ń gbé tirẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n bá tò àwọn aṣojú sórí ìlà níbi ayẹyẹ, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni adelé yóò wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ tó gba kí á rí Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lójúkojú, ìlẹ̀kùn kì í tètè ṣí.

Láti oṣù kẹsàn-án 2023, àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí láìní orúkọ rẹ̀. Yusuf Tuggar, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, sọ ní gbangba ní ọdún 2024 pé owó ni ó fà á, pé kò sí àǹfààní nínú kí a rán aṣojú lọ sí ibi tí kò ti ní owó tí yóò fi dé ibẹ̀ àti owó tí yóò fi ṣiṣẹ́. Mo gbà pé owó le. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa tó wà nílẹ̀ òkèèrè kò dẹ́kun láti nílò ẹ́mbásì nígbà tí owó le. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine, àwọn ẹ́mbásì wa ní Pólàńdì, Romania àti Hungary ni wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó sá kọjá ààlà, kí ọkọ̀ òfuurufú tó kó wọn wálé. Òbí kan ní Ìjàpọ̀ tàbí ní Òkè-Àró tí ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè ní láti mọ̀ bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ lè pe mínísítà orílẹ̀-èdè náà, kí ó sì dá a lóhùn ní ọjọ́ kan náà.

Ìjọba àpapọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà ọdún 2006 lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin pé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ipò ìjọba ni ó yẹ kí ó jẹ́ ti obìnrin. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìjọba mú un ṣẹ. Obìnrin mẹ́rin nínú òṣìṣẹ́ 15 kò tó ìdá 27. Bí Ààrẹ bá fi àwọn ìyàwó gómìnà àná kún un, iye náà yóò ga sókè lórí ìwé, ṣùgbọ́n èyí kò ní fi akọ̀wé kejì kan ṣoṣo kún àwọn tó ń gun àkàbà náà. Mi ò ní ohunkóhun sí àwọn obìnrin tí a yàn láti ìta; àwọn kan nínú wọn yóò ṣe dáadáa, mo sì ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kí á máa kà wọ́n mọ́ iye tí a fi ń bo àìtó àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ju Nàìjíríà lọ pẹ̀lú. Àkókò António Guterres gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2026, lẹ́yìn ọkùnrin mẹ́sàn-án láti ọdún 1946, láìsí obìnrin kan láàárín wọn. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò yíyan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti fa obìnrin kalẹ̀. Amina Mohammed, ọmọ Nàìjíríà, ti jẹ́ igbákejì níbẹ̀ láti ọdún 2017.

Fún àwọn òbí tí ọmọbìnrin wọn bá sọ pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ: kò di dandan kí ó ka ẹ̀kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n ń gba ẹni tó ka òfin, ìtàn, ọrọ̀ ajé, àti èdè. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ó bẹ̀rẹ̀ èdè Faransé kí ó tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé ìjọba láìsí àṣìṣe, kí ó sì wọlé ní kùtùkùtù, nítorí ìṣirò ọdún 26 yẹn. Bí ó bá sì fẹ́ lọ́kọ, ó yẹ kí ọkùnrin náà ti gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun náà kó ẹrù òun sínú àpótí ní ọjọ́ kan.

Fún àwọn tó ń ṣojú wa, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀ sí i. Nígbà tí a bá mú ẹni tí Ààrẹ yàn wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àṣà kan wà níbẹ̀ pé kí wọ́n ní kí ó tẹrí ba kí ó sì máa lọ, láìbi í ní ìbéèrè kankan. Kí ọdún 2025 tó parí, ilé náà ti fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ tuntun. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni ó ń fọwọ́ sí ìṣúná ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọọdún, ó sì ní ìgbìmọ̀ tó lè pe mínísítà wá jókòó. Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó jọ wà ní Àárín Gbùngbùn Oǹdó, tí Sẹ́nétọ̀ Adéníyì Adégbọ́nmirè ń ṣojú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i lè béèrè iye òṣìṣẹ́ obìnrin tó fẹ̀yìn tì láàárín oṣù kẹsàn-án 2023 àti oṣù kọkànlá 2025 láìrí ipò tó tọ́ sí wọn, kí ó béèrè àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà ti bá ṣe àdéhùn pé kí ọkọ tàbí ìyàwó aṣojú lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó sì béèrè iye obìnrin tó wà lórí ìpele 14 sí 16 ní ilé iṣẹ́ náà lónìí, nítorí pé láàárín wọn ni àwọn aṣojú ọdún 2035 yóò ti jáde.